Álọ́ọ̀mù: Ibi Tó Wúlò Dé àti Ibi Tó Yẹ Kó Dúró

Láti Swords níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, òjò ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, tíì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí dípò kí ẹ wo fídíò, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n bí sílùú òyìnbó tí ẹ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, ẹ rọra máa kà á, kò sí ìkánjú.

Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ wo inú ilé àwọn òbí yín dáadáa, òkúta funfun kan lè wà níbìkan tó dà bíi yìnyín. Tí ẹ bá fi ahọ́n kàn án, á fa ẹnu yín pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bu agbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n jẹ. Àwọn ará Pakistan ń pè é ní phitkari. Àwọn agẹrun ará Tọ́kì ń pè é ní şap. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí mo mọ̀, ibi mẹ́ta ló máa ń wà. Ọ̀kan wà nínú àpò tí bàbá ń kó abẹ ìfárùngbọ̀n sí. Ọ̀kan wà nínú ike nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kán-ún àti orógbó. Ẹ̀kẹta wà nínú báàgì obìnrin kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Torí ẹ̀kẹta yẹn gan-an ni mo ṣe jókòó sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ti ibi irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí tí ẹ bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí kò fi yẹ kó dé ibòmíràn.

Kí ni álọ́ọ̀mù gan-an? Irú iyọ̀ kan ni, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Potassium, aluminium àti sulphate ló para pọ̀ di í. Bó tilẹ̀ le bí òkúta, omi tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé e ka iná, á yọ́, á máa hó, á wá wú di ohun gbígbẹ tó fúyẹ́. Ẹ má sì ṣì í mú fún kán-ún. Kán-ún tí a fi ń se ẹ̀wà àti ewédú máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ tó bá ti kan omi, álọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbìyànjú láti se ewédú fúnra yín, ẹ béèrè kí ẹ tó sọ òkúta funfun sínú ìkòkò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Èròjà kan wà nínú ara wa tí a ń pè ní protein. Tí álọ́ọ̀mù bá kàn án, á dì, bí funfun ẹyin ṣe máa ń dì tó bá kan páànù gbígbóná. Bó ti ń dì ni awọ ara ń sún kì, ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ń pa dé, ẹ̀jẹ̀ sì ń dá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò mọ̀ bóyá awọ àgbọ̀n ni wọ́n fi kàn tàbí ibi tó rọ̀ jù lọ nínú ara. Ibi tí ẹ bá gbé e sí ló máa fà pọ̀.

Ó dáa, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ojú kí ẹ tó fá irùngbọ̀n, kí irun lè rọ̀. Ẹ fá a bí irun ṣe ń hù, ẹ má fá a sódì. Ẹ fi omi tútù ṣan ojú, ẹ rẹ òkúta náà sómi díẹ̀, kí ẹ wá fi pa gbogbo ibi tí ẹ fá, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi ọṣẹ pa ara. Á ta yín. Ibi tó bá ta yín jù, ibẹ̀ ni ọwọ́ yín ti wúwo jù, kí ẹ rọra ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó wà lójú fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ ṣàn án kúrò, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ ojú gbẹ. Ẹ má nu ojú bí ẹni ń nu tábìlì. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìpara tí kò ní òórùn kankan pa á, torí álọ́ọ̀mù ń gbẹ awọ, hítà tí a ń tàn láti oṣù kẹwàá sì ti ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀.

Tí abẹ bá gé yín díẹ̀, ẹ fi òkúta tó tutù yẹn tẹ ojú ibẹ̀ títí á fi dá. Ọgbẹ́ abẹ kékeré ni mò ń sọ o. Tí ẹ bá ti fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìjá ọwọ́ kúrò, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti álọ́ọ̀mù nìyẹn, ẹ lọ bá àwọn dókítà. Ẹ rántí àwọn bàbá wa tó ń lo warfarin tàbí apixaban. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dá. Ẹ̀rọ ìfárun oníná ló dára fún irú wọn.

Wàyí o, bọ́ǹpù. Òun ni ọ̀pọ̀ yín ṣe ń ra álọ́ọ̀mù, mo mọ̀. Wọ́n á ní ó ń wo bọ́ǹpù sàn. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Irun wa ká. Tí abẹ bá gé e mọ́lẹ̀ pátá, orí rẹ̀ á mú bí abẹ́rẹ́. Bó ti ń hù padà, á tún ká, á yí orí padà wọnú awọ. Ara á rò pé àlejò búburú ló wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá irun ara rẹ̀ jà. Ìjà yẹn lẹ ń rí tó wú, tó pọ́n, tó ń yún yín, tó sì ń fi ojú dúdú sílẹ̀ lọ́rùn. Nínú ológun Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń fa wàhálà láàárín ìlànà irùngbọ̀n fífá àti awọ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, débi pé dókítà ní láti máa fún wọn ní ìwé àṣẹ kí wọ́n má fá a.

Ṣé álọ́ọ̀mù lè sọ irun tó ká di irun tó nà? Kò lè ṣe é. Ó lè jẹ́ kí ojú tutù díẹ̀, kó dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kó sì dín àwọn kòkòrò orí awọ kù. Ohun tó ń dí bọ́ǹpù lọ́wọ́ gan-an ni kí ẹ má fá irun mọ́lẹ̀ jù. Ẹ lo kílípà, kí ẹ fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lójú. Tó bá jẹ́ abẹ dandan ni, ẹ lo oníbẹ̀ẹ́ẹ̀rẹ́, èyí tó ní abẹ ẹyọ kan ṣoṣo, torí àwọn olábẹ mẹ́rin, márùn-ún yẹn máa ń fa irun sókè kí wọ́n tó gé e, ni ìyókù á bá wọlẹ̀ sínú awọ. Ẹ má na awọ nígbà tí ẹ bá ń fá a. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú irun. Tí ojú bá ti bàjẹ́ púpọ̀, ẹ dá fífá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Màmá yín á sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Tí nǹkan kan bá ń wú lẹ́yìn ọrùn tó ń le bí ike, tó sì ń tóbi kọjá ibi tí ọgbẹ́ wà, kélọ́ìdì lè ni. Ẹ fi han dókítà, ẹ má fi nǹkan kan ha á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òkúta kan ṣoṣo fún gbogbo ayé. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan, òkúta yìí á wà lórí tábìlì, ojú lágbájá kúrò níbẹ̀, ojú tàmẹ̀dò bọ́ síbẹ̀. Ẹ má gbà. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ní ẹnu ọgbẹ́ tí ẹ ò lè fojú rí. Kòkòrò hepatitis B, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí nǹkan fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé álọ́ọ̀mù á pa á. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé ọdún 2008 ni Ireland tó fi abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B kún èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ọwọ́. Tí wọ́n bá bí yín ní Rotunda tàbí níbikíbi ní Ireland ṣáájú ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbà á rárá, bẹ́ẹ̀ àrùn náà pọ̀ ní Nàìjíríà tí ẹ máa ń lọ ṣe Kérésì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ GP yín. Kí ẹ sì mú òkúta tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Abíyá ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ó ń dín àwọn kòkòrò tó ń fa òórùn kù. Àwọn tó ń tà á á kọ ọ́ sára páálí pé kò ní aluminium tó léwu, wọ́n á sì ta á ní ìlọ́po owó tí ẹ máa rà á ní Moore Street. Aluminium wà nínú rẹ̀, ó wà nínú orúkọ rẹ̀ pàápàá. Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé aluminium abíyá ń fa jẹjẹrẹ ọmú, nítorí náà kì í ṣe ìyẹn ni mo fi ń dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe ìyá yín fún BreastCheck, èyí tó wà fún obìnrin ọdún 50 sí 69, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi álọ́ọ̀mù tàbí dìódóráńtì kankan pa abíyá lọ́jọ́ yẹn, torí ó lè hàn nínú àwòrán bí ẹni pé àmì àrùn ni.

Ọ̀rọ̀ omi, kíá. Nílé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí òkúta tí wọ́n ń yí nínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè rọ̀ sísàlẹ̀. Òótọ́ ni, ó ń so ẹrẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe pé ó pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Omi tó mọ́ lójú kò túmọ̀ sí omi tó ṣeé mu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, tí ilé ìtọ́jú omi Leixlip níṣòro, èèyàn tó lé ní 600,000 ní Dublin, Kildare àti Meath ni wọ́n ní kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún. Omi ẹ̀rọ ni o, ní Yúróòpù.

Eyín dídùn náà, kíá. Álọ́ọ̀mù lè mú kí ẹnu kú díẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti lọ. Ihò tó wà nínú eyín ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara bá gbóná, tí ẹnu ò ṣeé la dáadáa, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ rí dókítà.

Ti ọmọ tuntun, mi ò ní dẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ má fi álọ́ọ̀mù sí ìwọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n lọ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n sun. Ní Ireland níbí, ohun tí a ń sọ ni kí ìwọ́ mọ́ kó sì gbẹ, á já fúnra rẹ̀. Ẹ má sì gbára lé e fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dábẹ́ fún. Ní ọdún 2003, ọmọ ọwọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kú ní Waterford lẹ́yìn tí wọ́n dábẹ́ fún un nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò dá. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ ọwọ́ kéré gan-an, èyí tí ẹ rí nínú ìlédìí tí ẹ ní kò tó nǹkan lè jẹ́ èyí tó pọ̀ jù fún un. Dókítà ni kó dábẹ́ fún ọmọ yín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde, ilé ìwòsàn ọmọdé ni ẹ gbọ́dọ̀ sáré gbé e lọ, kì í ṣe ike inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó yá, báàgì kẹta. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sá lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí nítorí yín ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Àwọn obìnrin wa kan ń lo álọ́ọ̀mù sí ojú ara wọn kó lè fún. Òmíràn ń pò ó mọ́ omi fi fọ ibẹ̀, òmíràn ń ki ègé rẹ̀ bọ inú, òmíràn ń ra èyí tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì fún ní orúkọ dídùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ọkọ ò ní wo ìta mọ́. Ní ẹnu iṣẹ́ mi, wọn kì í sọ ọ́ títí a ó fi béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn wọn á sì wálẹ̀.

Ẹ rántí funfun ẹyin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ náà nìyẹn. Awọ inú ojú ara tinrin, ó tutù, omi ara tó wà níbẹ̀ ló ń dáàbò bò ó. Àwọn kòkòrò rere wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kó kan níwọ̀nba, kí kòkòrò burúkú má lè gbé ibẹ̀. Álọ́ọ̀mù á gbẹ omi yẹn, á ba ilé àwọn kòkòrò rere yẹn jẹ́, á bó awọ lára. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífún yẹn, awọ tó gbẹ tó sì fara gbọgbẹ́ ni. Tí ọkọ bá wá bá a lò pọ̀, á ya níbi tí ojú ò rí. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 kó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó lé ní 14,000 jọ láti ìhà gúúsù Sàhárà ní Áfíríkà. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fi nǹkan sínú ojú ara kó lè gbẹ tàbí kó lè fún ń kó kòkòrò HIV ju àwọn tí kì í ṣe é lọ. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kì í ṣe álọ́ọ̀mù nìkan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òórùn á bẹ̀rẹ̀, tàbí kó máa yún un, tàbí kí omi aláwọ̀ mìíràn máa jáde. Á tún bu álọ́ọ̀mù sí i nítorí òórùn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹnìkan á sọ pé ṣebí àwọn dókítà náà ń lò ó nínú ara. Bẹ́ẹ̀ ni. Tí àpò ìtọ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí gbogbo nǹkan ò dá a dúró, wọ́n lè fi omi tí álọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ìdá 1 nínú 100 ṣàn án, gba inú rọ́bà. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni, a ó sì máa ṣọ́ kíndìnrín aláìsàn náà, torí kíndìnrín ló ń kó aluminium jáde. Tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́, ọpọlọ ló ń lọ. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn aláìsàn kíndìnrín tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ségesège, wárápá ń gbé wọn, àwọn kan kú, kí wọ́n tó mọ̀ pé aluminium ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti inú omi tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àrùn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ohunkóhun tí alágbo bá sọ.

Ẹni tó bímọ tó wá rí i pé ibẹ̀ ti dẹ̀, iṣan ìsàlẹ̀ ló rẹ̀, kì í ṣe awọ. Álọ́ọ̀mù kì í fún iṣan lókun. Eré ìdárayá ló ń ṣe é, kí ẹ máa fún iṣan yẹn bí ẹni fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́, fún oṣù mélòó kan. GP lè kọ yín sí physiotherapist tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwọn obìnrin. Ẹni tí ibẹ̀ ń gbẹ torí nǹkan oṣù ti ń dáwọ́ dúró, oògùn tó dára wà fún un. Ẹ sọ fún dókítà pé álọ́ọ̀mù lẹ lò. Ọ̀rọ̀ yín kò ní dé etí ọkọ, kò ní dé etí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Tí ẹ bá rí i nínú báàgì màmá yín tàbí àǹtí yín, ẹ má pariwo, ẹ má sì jù ú nù. Ẹ lè kúnlẹ̀ ti wọn díẹ̀, kí ẹ ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kan pé álọ́ọ̀mù ń fa ọgbẹ́ nísàlẹ̀, ṣé kí n bá yín pe GP?” Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Wọ́n lè bínú lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n á wá bá yín fúnra wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá ní òkúta ìfárùngbọ̀n nílé, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dé e mọ́nú ike, torí omi á jẹ ẹ́ tán. Tó bá jábọ́ tó fọ́, ẹ fi omi bó etí rẹ̀ tó mú kí ẹ tó tún gbé e sójú. Ẹ gbé e síbi gíga, torí ọmọdé á rò pé súìtì ni. Tí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ fi omi nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ pe National Poisons Information Centre tó wà ní Beaumont, 01 809 2166, láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 10 alẹ́. Tí kò bá lè mí dáadáa, tàbí tí àkókò yẹn bá ti kọjá, 999 tàbí 112 ni, kí ẹ sì mú èyí tó kù lára òkúta náà dání lọ.